Títún yàrá ṣe fún ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ṣèṣe

Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ṣèṣe, ì báà jẹ́ lórí ọ̀kadà tàbí nígbà tó ṣubú, kì í sábà lè ya ohùn kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn mọ́. Rédíò, jẹnẹrétọ̀, ẹkún ọmọdé àti ọ̀rọ̀ tí ẹ ń bá a sọ á jọ já lù ú ni. Ibẹ̀ ni ìbínú òjijì ti ń wá, tàbí kó kàn dákẹ́ lọ gbári. Nítorí náà, kí ẹ tó ra ọ̀dà, ẹ wá ìdákẹ́jẹ́.

Ẹ mú yàrá tó jìnnà sí jẹnẹrétọ̀ àti títì, tí oòrùn àárọ̀ ń wọ̀. Oorun wọn máa ń dàrú: ẹ ṣí kọ́tínì láàárọ̀, kí ẹ dín iná kù lálẹ́. Bí iná bá ń gún un lójú, ẹ yọ gílóòbù tó ń ṣẹ́jú.

Ibi tí bẹ́ẹ̀dì máa wà gba ìrònú gan-an. Bí apá ọ̀tún ọpọlọ bá ṣèṣe, aláìsàn lè má ka ohun tó wà lósì rẹ̀ sí mọ́: á jẹ ọ̀tún àwo, á fi tòsì sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ojú rẹ̀ ríran. Ẹ gbé omi àti agogo tó fi máa pè yín sí ọ̀tún. Ṣùgbọ́n àga ẹni tó ń bá a ṣeré, òsì ni kó wà, kó lè máa yíjú síbẹ̀. Ara ìtọ́jú nìyẹn. Bí òsì rẹ̀ bá kọjú sí ògiri lásán, kò sí ohun tó máa pè é lọ síbẹ̀. Ẹ jọ bá oníṣẹ́ físíò, ẹni tó ń kọ́ aláìsàn láti tún máa lo ara rẹ̀, sọ ọ́.

Kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kanlẹ̀ dáadáa tó bá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ kó àwọn rọ́ọ̀gì kékeré kúrò. Bó bá ń lo kẹ̀kẹ́ aláìsàn, ẹnu ọ̀nà tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 80 ló dára. Àtẹ̀gùn tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 15, kí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sìmẹ́ǹtì rẹ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 180. Èyí tó bá kúrú lè dojú kẹ̀kẹ́ dé. Nílé ìwẹ̀, irin tí wọ́n fi bóòtù dè mọ́ ògiri ni kó máa dì mú. Irin tí a ń fi táwẹ̀lì kọ́ á já.

Kálẹ́ńdà ńlá, aago onínọ́ńbà ńlá, àwòrán ṣáláńgá lára ilẹ̀kùn rẹ̀: ìwọ̀nyí ń ran ìrántí lọ́wọ́, àfi bí ẹ bá ń pààrọ̀ ipò ẹrù lójoojúmọ́.

Àlejò ló le jù nílé wa. Ẹni 2 lẹ́ẹ̀kan, nǹkan bí ìṣẹ́jú 15. Kí àwọn ìjọ gbàdúrà wọn ní pálọ̀. Bó bá ń dijú, tó ń yíjú kúrò tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń wọ́, kí wọ́n dìde. Ẹ ti kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà mọ́ inú àpótí, kí ẹ sì gbé gáàsì àti kẹrosíìnì síbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò ti ní tó o, torí ó lè rò pé òun ti lè lò wọ́n kí ara rẹ̀ tó gbà á.