Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ bí ẹ bá fẹ́ gbé ẹni tó ń ṣẹ̀dá orin wọ Wikipedia

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Inú ń bí mi, mi ò sì ní pa á mọ́ra. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò kan wá bá mi ní Kàbbà, ojú rẹ̀ pọ́n. Orin ìjọ ló ń ṣẹ̀dá, wọ́n sì ń kọ orin rẹ̀ láti Ìyàrà títí dé Ìsánlú. Ó ti san ₦150,000 fún ẹnì kan tó ní òun máa gbé e wọ Wikipedia. Ọjọ́ méjì ni ojúewé náà lò, wọ́n pa á rẹ́. Ó pe ẹni tó gbowó náà níṣojú mi lẹ́ẹ̀mẹta, kò gbé e. Òun kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí lọ́dún yìí.

1. Ẹ má ti orí bí orin rẹ̀ ṣe dùn tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí àwọn olóòtú ibẹ̀ ń wá ni pé: ta ló ti jókòó kọ ọ̀rọ̀ gidi nípa ẹni yìí, tí kì í ṣe òun fúnra rẹ̀, tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀, tí kò sì gbowó lọ́wọ́ rẹ̀? Bí ẹ ò bá rí èèyàn bẹ́ẹ̀, ẹ dáwọ́ dúró ná.

2. Ẹ má da ẹni tó fi ohùn gbé orin pọ̀ mọ́ ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀. Èdè wa gan-an ló ń tàn wá jẹ níbí. Bí a bá ní "òun ló kọ orin yẹn," ó lè jẹ́ ẹni tó fi ohùn gbé e lórí pèpéle, ó sì lè jẹ́ ẹni tó kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ yẹ ẹ̀yìn páálí àwo wò kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Wikipedia èdè Gẹ̀ẹ́sì ní òṣùwọ̀n ọ̀tọ̀ fún àwọn tó ń ṣẹ̀dá orin, lára rẹ̀ ni: kí wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ tàbí ohùn orin tó lókìkí fúnra rẹ̀, tàbí kí orin wọn ti gba ipò nínú ìdíje ńlá tí kì í ṣe ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Síbẹ̀, "ó ṣeé ṣe" ni wọ́n kọ síbẹ̀, wọn ò kọ "dandan".

3. Òkìkí orin kì í ṣe òkìkí ẹni tó kọ ọ́. "Arise, O Compatriots" ni orin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà láti 1978 títí di 2024. Èèyàn márùn-ún ni wọ́n mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ látọwọ́ wọn, Benedict Odiase ló fún un ní ohùn. Gbogbo wa la fi ẹnu kọ ọ́ lórí ìlà nílé ìwé, àmọ́ ta ni nínú wa ló lè ka orúkọ àwọn márùn-ún yẹn? Babatunde Ogunnaike wà lára wọn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ kẹ́míkà tó ṣe ní Yunifásítì Delaware ní Amẹ́ríkà, níbi tó ti di díìnì, ìyẹn olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́, ni àwọn ọ̀mọ̀wé mọ̀ ọ́n sí. Ẹni tó bá ní orin kan ṣoṣo, inú ojúewé orin yẹn ni kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti ìròyìn tí wọ́n fowó rà. Àbúrò yẹn fi ìròyìn márùn-ún hàn mí, ó ní ẹ̀rí òun nìyẹn. Mo ní kó jẹ́ ká tẹ̀ wọ́n jáde. A tò wọ́n sórí tábìlì, mo fi bírò falà sábẹ́ ọ̀rọ̀ wọn. Ìkan náà ni gbogbo wọn! Kódà, "Ijimu" ni márààrún kọ dípò Ìjùmú, orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ kan ní Kogi. Ẹnì kan ló kọ ọ́, tó pín in káàkiri, owó àbúrò yìí náà ni wọ́n sì gbà. Lójú olóòtú Wikipedia, márùn-ún yẹn ò tó ẹyọ kan, torí ohùn ẹni tó ń pọ́n ara rẹ̀ lé ni. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà ò lè gbà yín là bó bá jẹ́ pé òun nìkan ló ń sọ nípa ara rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yé san owó yìí. Ẹ pe oníròyìn wá gbọ́ orin yín, kí ẹ fi í sílẹ̀ kó kọ ohun tó rí.

Ó ṣe mí rí, èmi náà. Mo kọ nípa bàbá kan tó kọ́ wa lórin nínú ìjọ, ìwé ètò ìsìnkú rẹ̀ nìkan ni mo rí tọ́ka sí. Ọjọ́ méje ni àwọn olóòtú fi jíròrò bóyá kí wọ́n pa á rẹ́, mo sì fi ìbínú bá gbogbo wọn jà. Wọ́n pa á rẹ́. Ìwé àjákọ bàbá ṣì wà lọ́wọ́ mi, dó-ré-mí ló kún inú rẹ̀, ikán ti jẹ igun rẹ̀ kan. Ọgbọ̀n ọdún ló fi kọ́ èèyàn lórin, kò sẹ́ni tó gbé bírò lọ bá a rí. Èyí ló yẹ kó dùn wá.

Àwọn tó kù ò gba àlàyé púpọ̀. Iye èèyàn tó wo fídíò kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ má kọ nípa ara yín. Bí wọ́n bá sanwó fún yín láti kọ ọ́, òfin ibẹ̀ láti 2014 ní kí ẹ sọ ọ́ síta. Ẹ má da odindi ọ̀rọ̀ orin síbẹ̀: lábẹ́ òfin Nàìjíríà ti 2022, ẹ̀tọ́ lórí ọ̀rọ̀ orin ṣì wà fún àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀. Fọ́tò tí ẹlòmíì yà, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí wọ́n bá sì pa á rẹ́, ẹ má tún un gbé wọlé lábẹ́ orúkọ mìíràn, wọ́n á ti ilẹ̀kùn pa. Ẹ dúró kí ẹlòmíì kọ nípa ẹni náà, nígbà náà ẹ lè padà lọ. Ohun tí mo sọ fún àbúrò yẹn nìyẹn. Ó mi orí, ó ká ìwé márààrún náà, ó wá bi mí bóyá òun lè rí owó òun gbà padà. Mi ò rí èsì fún un.