Bí Mo Ṣe Mú Kí API Máa To Orúkọ Ìlú Wa Bí Ó Ti Yẹ

Owó dátà ni ó bí mi nínú. Ní Àkúrẹ́ níbí ni mo ti ṣe áàpù kan fún àwọn awakọ̀ tí ń kó ẹrù káàkiri ìpínlẹ̀ Oǹdó, inú API ilé-iṣẹ́ kan tí mò ń sanwó fún (ọ̀nà tí áàpù fi ń gba ìsọfúnni láti orí kọ̀ǹpútà wọn) ni orúkọ àwọn ìlú sì ti ń wá, ní ojú-ewé kọ̀ọ̀kan. Ilé-Olújì àti Oǹdó ni ó máa ń ṣáájú. Ẹ̀yìn wọn ni Àkúrẹ́, olú-ìlú, tó dé, lẹ́yìn náà Ìdànrè àti Òkìtìpupa, tí Ọ̀wọ̀ fi wà nísàlẹ̀ pátápátá. Awakọ̀ tó ń wá Ọ̀wọ̀ kò ní rí i àfi tó bá ṣí gbogbo ojú-ewé tán, dátà rẹ̀ ni ó sì ń jẹ.

Nọ́ńbà Unicode, ìyẹn nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi mọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ni sáfà wọn (kọ̀ǹpútà tó ń fi àkójọ náà ránṣẹ́) fi ń to orúkọ: A títí dé Z wà láàárín 65 sí 90, À jẹ́ 192, Ọ sì jẹ́ 7884. N kò lè tún un tò lórí fóònù, nítorí ojú-ewé kan ṣoṣo ni ó ń wà lọ́wọ́ fóònù; sáfà ni ó gbọ́dọ̀ tò ó kí ó tó pín in.

Mo bá kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà pé kí wọ́n tún un tò. Kíkọ ìbéèrè náà kò le. Ìdáhùn wọn ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ yà mí ní wèrè. Ẹni àkọ́kọ́ ní àmì àrà ọ̀tọ̀ ni ó wà nínú àwọn orúkọ náà, kí n yọ wọ́n kúrò. Kí n bọ́ àmì lórí orúkọ ìlú onílùú, kí ó lè rọ sáfà wọn lọ́rùn! Mo ṣàlàyé, ó ní kí n fi àwòrán ránṣẹ́. Mo fi ránṣẹ́, ni wọ́n bá gbé ọ̀rọ̀ náà fún ẹlòmíràn, tí òun náà tún bi mí pé kí ni ìṣòro mi. Ẹni yẹn ni ó wá sọ pé àwọn kò lè yí ètò náà padà, torí pé iṣẹ́ àwọn oníbàárà mìíràn ti dúró lé e. Èyí nìkan ni ó mọ́gbọ́n dání nínú gbogbo ohun tí wọ́n sọ.

Mo wá fi hàn wọ́n pé Ọ̀wọ̀ wà níbi méjì nínú àkójọ wọn: ẹnìkan tẹ Ọ kí ó tó fi ohùn sí i, ẹlòmíràn tẹ Ò kí ó tó fi àmì sí abẹ́ rẹ̀, ojú kò lè mọ ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n. Mo tún sọ fún wọn pé PostgreSQL, ètò ìpamọ́ dátà tí wọ́n ń lò, ti ní ètò títò ti Yorùbá, “yo-x-icu”, láti ẹ̀dà 10 tó jáde ní 2017. Ariwo dákẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ béèrè irú rẹ̀, kí ó má kọ “ètò yín kò dára” lásán. Kí ó to àkójọ méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, bí ó ṣe ń wá àti bí ó ṣe yẹ kí ó wá, kí ó sì béèrè fún àṣàyàn tuntun dípò kí ó ní kí wọ́n yí ti àtijọ́ padà. Bí wọ́n ṣe ṣe tèmi nìyẹn: Àkúrẹ́ ti wà lókè báyìí, Ọba-Ilé àti Ọ̀wọ̀ sì tẹ̀lé Oǹdó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ní láti máa fi àṣàyàn náà kún gbogbo ìbéèrè tí áàpù mi bá fi ránṣẹ́.