Bẹ́ ẹ ṣe lè jí rédíò onífáàfù àtijọ́ dìde

Tẹ́ ẹ bá rí rédíò onípákó àtijọ́ nílé bàbá yín, irú Grundig tàbí Philips tí wọ́n ń rà láyé ọdún 1950 sí 1960, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì kì í bọ iná. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń pa á. Fáàfù, àwọn ìgò kéékèèké tó máa ń pọ́n nínú ẹ̀ yẹn, kọ́ ló sábà máa ń bà jẹ́, kàpásítọ̀ oníbébà ni, ìyẹn àwọn nǹkan kéékèèké tó máa ń tọ́jú iná fúngbà díẹ̀, bébà inú wọn ti fa omi mu látìgbà yẹn, iná wá ń jò gba inú wọn kọjá.

Ẹ nu eruku, kẹ́ ẹ pààrọ̀ wáyà tí rọ́bà ẹ̀ bá ti sán, kẹ́ ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀ níbi tí wọ́n kọ 110, 220 sí, tí 240 bá wà ẹ fi síbẹ̀. Iná inú ẹ̀ lè tó 250 volt o, ó sì máa ń dúró sínú kàpásítọ̀ ńlá lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ fi mítà tí wọ́n fi ń wọn volt wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Èyí tí ò bá ní tírànsífọ́mà iná, irin ìdí ẹ̀ gan-an lè gbé iná NEPA, ẹ gbé ìyẹn fẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Kàpásítọ̀ kan wà tí mi ò ní gbà kẹ́ ẹ fò, òun ló ń gbé ohùn lọ sí ẹsẹ̀ kejì EL84, fáàfù tó ń ti sípíkà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Tíyẹn bá ń jò, EL84 á máa mu iná ju agbára ẹ̀ lọ, á pọ́n, á sì jó tírànsífọ́mà sípíkà, ìyẹn sì ṣòroó rí rà. Ẹ gé e dànù, ẹ fi tuntun oní 630 volt síbẹ̀, kí microfarad ẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí iná tó lè gbà ṣe pọ̀ tó, bá ti tẹ́lẹ̀ mu, kẹ́ ẹ wá pààrọ̀ àwọn oníbébà yòókù àti kàpásítọ̀ ńlá, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ má bàa dà á rú.

Kẹ́ ẹ tó tanná, ẹ so gílóòbù 100 watt ti àtijọ́ tó máa ń gbóná mọ́ wáyà iná kan, kí iná gba inú ẹ̀ kó tó dé rédíò, LED ò lè ṣiṣẹ́ yìí. Tó bá tàn yòò tó sì rọlẹ̀, ó dáa, tó bá ń tàn yòò láì rọlẹ̀, ẹ pa á kíá, ó ti ṣọ́ọ̀tì níbì kan. Tí rédíò bá ti gbóná, ẹ wọn volt ẹsẹ̀ kejì EL84 yẹn, kí mítà sún mọ́ òdo.

Tó bá ń ṣe kírí-kírí tẹ́ ẹ bá yí fọ́lúùmù, ẹ fín contact cleaner, oògùn tí wọ́n fi ń fọ ojú iná, sí i. Tó bá jẹ́ ti Jámánì tó ní UKW, FM nìyẹn, ọ̀pọ̀ wọn ò kọjá 100, Premier FM 93.5 n'Ìbàdàn lè wọlé, Splash 105.5 ò lè wọlé. Kò bà jẹ́ o, ibi tí wọ́n ṣe é mọ nìyẹn.