Àsáró kókò àti ẹ̀wà fún ilé ẹlẹ́ni mẹ́fà, nígbà tí owó oúnjẹ ò tó

Àbúrò mi obìnrin kan tó ń gbé ní Oǹdó ló pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní ẹ̀gbọ́n mi, owó oúnjẹ ò délé mọ́ o, tí mo bá ti ra iṣu tán báyìí, kì í ku nǹkan kan tí mo lè fi ra ẹja fáwọn ọmọ. Mo ní ta ló ní dandan ni iṣu? Mo mọ̀ pé àwa ará ibí ò fi iyán ṣeré, èmi gan-an fẹ́ràn ẹ̀, àmọ́ tí iṣu bá ti gbówó lórí, tí èèyàn sì tún taku pé iṣu lòun máa rà, ẹja àti ẹ̀fọ́ tó yẹ kọ́mọ jẹ ló ń fi san owó iṣu yẹn. Mo ní kó lọ ra kókò. Ohun tí mo sọ fún un lórí fóònù náà ni mo fẹ́ kọ síbí, torí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn.

Kókò pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Àwọn àgbẹ̀ tó ń gbin kòkó ní Oǹdó yìí, wọ́n máa ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò sáàárín kòkó tó ṣì kéré kí ó lè rí ìbòòji, ìdí nìyẹn tí kókò fi máa ń kún ọjà tí òjò bá ti ń dá lọ títí wọ inú ọ̀gbẹlẹ̀. Tí ò bá sí kókò, ẹ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n tàbí ọ̀dùnkún, bákan náà lẹ máa sè é. Èyí tó bá kún ilẹ̀ lọ́jà lọ́sẹ̀ yẹn ni kẹ́ ẹ rà.

Bí mo ṣe ń pín owó ìkòkò kan rèé: tí n bá pín in sí ọ̀nà 10, 3 ń lọ sórí kókò, 2 sórí ẹ̀wà, 2 sórí ẹja àti edé, lẹ́yìn náà 1 fún epo, 1 fún ata àti àlùbọ́sà, 1 fún ẹ̀fọ́. Mi ò fi ẹran sí i rárá. Ẹ̀wà yẹn ló ń ṣiṣẹ́ ẹran torí èròjà amáradàgbà pọ̀ nínú ẹ̀, ẹran tí owó yẹn sì lè rà ò ní ju kí ọmọ kọ̀ọ̀kan rí ẹyọ kan tó kéré bí ìka. Ní ti ẹja, ẹ lọ bá àwọn tó ń ta ẹja gbígbẹ tó ń wá láti Igbókòdá, kẹ́ ẹ sọ fún wọn pé èyí tó ti fọ́ sísàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ lẹ fẹ́, ẹja kan náà ni, adùn kan náà ni, ó kàn ti fọ́ ni, wọ́n sì máa ń dín in kù dáadáa. Tí ẹ bá lè lọ sí Ọjà Ọba ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí àwọn tó kó ẹ̀fọ́ wá láti oko ti ń múra àtilọ, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ìdì ńlá lẹ máa gbé lówó pọ́ọ́kú.

Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ wọn ẹ̀wà agolo mílíìkì 3, ẹ ṣà á, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi títí di àárọ̀. Ẹ da omi yẹn nù, ó máa ń dín inú kíkún kù, ẹ̀wà náà á sì tètè rọ̀, gáàsì tí ẹ fi ń dáná ò ní pọ̀ lọ. Àwọn kan máa ń fi káún sí i kó lè yá, èmi kì í fi sí i o, torí ó máa ń ba fítámì kan jẹ́ nínú ẹ̀wà, ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sómi mọ́jú ò tiẹ̀ nílò ẹ̀.

Ibi kókò yìí ni kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kórìíra ẹ̀. Nǹkan kan wà nínú kókò tútù tí wọ́n ń pè ní calcium oxalate, ó rí bí abẹ́rẹ́ tíntìntín tí ojú ò lè rí, òun ló ń yún èèyàn lọ́wọ́ tí wọ́n bá ń bó o, òun náà ló ń họ èèyàn lọ́nà ọ̀fun tí ò bá jinná dénú. Nítorí náà ẹ má bó o ní tútù. Ẹ fọ bíi 12 tó mọ níwọ̀n, kí erùpẹ̀ ara ẹ̀ kúrò pátápátá, ẹ sè é pẹ̀lú èèpo ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, ẹ da omi ẹ̀ nù, ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀. Èèpo yẹn á kàn máa ṣí fúnra ẹ̀ ni, ọwọ́ ò ní yún yín tó bẹ́ẹ̀, ẹ ò sì ní fi ọ̀bẹ gé kókò sọnù mọ́ èèpo bí a ṣe máa ń ṣe tó bá tútù.

Ẹ gbé ẹ̀wà kaná nínú ìkòkò kan náà, omi àti àlùbọ́sà tí ẹ ti gé nìkan ni kẹ́ ẹ fi sí i. Ẹ má tíì da ata àti tòmátì síbẹ̀ o! Tòmátì máa ń jẹ́ kí ẹ̀wà le, ẹ ó máa sè é, ẹ ó máa sè é, kò ní rọ̀. Bó ṣe ń sè lọ ni ẹ ó máa bó kókò, ẹ gé ìdajì wẹ́wẹ́, ẹ gé ìdajì tó kù tóbi, torí wẹ́wẹ́ yẹn ló máa yọ́ tí ọbẹ̀ ẹ̀ á fi ki, àwọn tó tóbi ni wọ́n á máa rí jẹ lẹ́nu.

Nígbà tí ẹ̀wà bá ti rọ̀, ẹ da kókò lé e, ẹ da ata rodo 3, tàtàṣé 2 àti tòmátì díẹ̀ tí ẹ ti lọ̀ sí i, edé lílọ̀ ṣíbí 2, iyọ̀, mágì, àti epo pupa ìdajì kọ́ọ̀pù. Epo Òkìtìpupa ni mo fẹ́ràn jù, ẹ má yọ́ ọ lórí iná kí àwọ̀ ẹ̀ lọ, torí nínú àwọ̀ pupa yẹn ni ohun tí ara fi ń ṣe fítámì A wà, àwọn ọmọ sì nílò ẹ̀. Kí omi ṣe déédéé pẹ̀lú kókò, kó má bò ó mọ́lẹ̀, torí kókò máa ń ki sí i tó bá ń tutù. Ẹ dín iná kù, ẹ dé e fún bíi ogún ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ máa fi orógùn tú ìsàlẹ̀ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó máa ń tètè jó mọ́ ìdí ìkòkò. Ẹ tọ́ èyí tó tóbi jù wò, tó bá ṣì ń họ yín lọ́fun, ẹ fi omi díẹ̀ kún un, kó máa sè lọ.

Ẹja tí ẹ ti fi omi gbígbóná fọ̀, tí ẹ ti yọ egungun ẹ̀ tán, ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó kẹ́yìn ló ń wọlé, kó má baà túká. Ẹ̀fọ́ ló kẹ́yìn, ẹ rò ó pọ̀, ẹ pa iná, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú 5, ooru inú ìkòkò á ṣe ìyókù. Mo gbin èfìnrín sínú ike ọ̀dà tó ti ṣófo lẹ́yìn ilé, ewé díẹ̀ nínú ẹ̀ ni mo máa ń já sí i, òórùn ẹ̀ á gba gbogbo ilé, kò sì ná mi ní kọ́bọ̀.

Èyí tó bá ṣẹ́ kù, tí ẹ ò bá ní fíríìjì tàbí tí iná ò bá sí, ẹ gbé e kaná lálẹ́ kó hó dáadáa, ẹ dé e, ẹ má fi ṣíbí kankan ro ó mọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Láàárọ̀ ó máa ti dì, ẹ wọ́n omi gbígbóná díẹ̀ sí i, ẹ fi iná kékeré gbé e, kó tún hó, kẹ́ ẹ tó bù ú fáwọn tó ń lọ sílé ìwé.