Amiwo tí kò ní kókó: bí a ṣe ń bọ adìyẹ, tí a ń dín ata, tí a sì ń ro ọkà rẹ̀

Amiwo ni ọkà pupa tí a fi ìyẹ̀fun àgbàdo rò, tí omi adìyẹ àti ata díndín ti wọ̀ lára. Àwọn Ẹ̀gùn ló sọ ọ́ lórúkọ, ṣùgbọ́n àwa Yorùbá Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní ilẹ̀ Benin) náà ń sè é bí àlejò pàtàkì bá dé. Mo fẹ́ràn láti fi kọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ilé ìdáná, torí iṣẹ́ mẹ́rin ló wà nínú ìkòkò kan ṣoṣo: bíbọ̀, dídín ẹran, dídín ata, àti rírò. Méjì àkọ́kọ́ rọrùn. Méjì tó kù ni mo ti rí tí wọ́n bà jẹ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, àwọn ni mo sì máa pẹ́ lé lórí.

Fún ènìyàn mẹ́rin, ẹ wá adìyẹ kan, ife ìyẹ̀fun àgbàdo mẹ́ta, tòmátì pọ́npọ́n mẹ́jọ, àlùbọ́sà ńlá méjì, atalẹ̀, aáyù, ata gígùn, òróró ẹ̀pà àti iyọ̀. Òróró tí àwọn obìnrin ń fọwọ́ fún nígbà tí wọ́n bá ń ṣe kulikúlí ni mo ń lò, torí òórùn rẹ̀ dára. Ẹni tó bá fẹ́ epo pupa, kó lò ó, kò bà á jẹ́.

Ìyẹ̀fun ni kí ẹ fojú sí. Kó kúnná, kó gbẹ, kó má sì pẹ́ nílẹ̀. Ọjà Ouando ni mo ti ń ra àgbàdo funfun, mà á ṣà á, mà á gbé e lọ sí ẹ̀rọ. Kí wọ́n tó da tèmi sí i, mo máa ń bèèrè ohun tí wọ́n lọ̀ gbẹ̀yìn. Bó bá jẹ́ ata, mà á dúró kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ lọ tirẹ̀, nítorí òórùn ata kì í kúrò lára ìyẹ̀fun. Bí ẹ bá délé, ẹ fi ajọ̀ kù ú.

Bíbọ̀ àti dídín adìyẹ

Ẹ gé adìyẹ, ẹ gún atalẹ̀, aáyù àti ìdajì àlùbọ́sà kan pẹ̀lú iyọ̀, ẹ fi pa á lára, ẹ bu omi bò ó, ẹ gbé e kaná. Bó bá ti hó, ẹ dín iná kù. Omi tó ń hó yaa kò gbóná ju èyí tó ń hó wẹ́rẹ́ lọ. 100 °C ni méjèèjì wà, èédú nìkan lẹ ń fi ṣòfò. Adìyẹ ìbílẹ̀ lè gbà tó wákàtí kan. Ti inú yìnyín kò nílò ju ìdajì wákàtí lọ. Ẹ yọ ọ́ nígbà tó bá jiná tí kò tíì máa já kúrò lára egungun, ẹ sẹ́ omi rẹ̀, ẹ wọn ife mẹ́rin. Bí kò bá pé, ẹ fi omi lásán kún un. Ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó ronú kan Màgí, torí iyọ̀ tó wà nínú rẹ̀ lè ti tó.

Ẹ fi aṣọ mímọ́ nu ẹran gbẹ kí ẹ tó fi sínú òróró gbígbóná. Omi tó bá kù lára rẹ̀ ló ń jẹ́ kí òróró máa ta. Bí òróró bá sì gbiná, ẹ má da omi sí i láéláé. Ẹ pa iná ìsàlẹ̀, ẹ fi ọmọrí bo ìkòkò, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí owó adìyẹ kò bá tó lọ́wọ́ rẹ̀ lè ra wàrà Fúlàní, èyí tí wọ́n ń pè ní wagasi, kó gé e, kó dín in. Omi tí ẹ fi bọ ẹja á wá dípò omi adìyẹ.

Dídín ata

Ẹ lọ tòmátì, ata àti àlùbọ́sà tó kù. Ọlọ ni mo fẹ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ oníná lẹ ní, ẹ kọ́kọ́ ju tòmátì sí i kí omi ara rẹ̀ máa yí i, ẹ má bu omi kankan.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kánjú. Wọ́n á da òróró síná, wọ́n á da ata lé e lórí, ó máa hó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n á ní àwọn ti dín in. Rárá o. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì pọ̀ nínú ata, kò lè gbóná kọjá ibi tí omi ń hó. Bíbọ̀ lẹ ṣì ń bọ̀ ọ́. Ìgbà tí omi bá fà tán ni òróró tó ráyè gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìgbà yẹn ni adùn tòmátì máa ń jáde, tí yóò sì borí ìkan rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ gbé ata kaná láìsí òróró, ẹ jẹ́ kó hó títí tí yóò fi ki. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ da ife òróró ìdajì sí i, ẹ lè sẹ́ èyí tí ẹ fi dín adìyẹ. Ẹ máa rò ó lọ. Etí lẹ máa fi mọ̀ ọ́n kó tó kan ojú: híhó rẹ̀ á dáwọ́ dúró, á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo ṣáá. Òróró á yọ sí ẹ̀gbẹ́, àwọ̀ á dúdú díẹ̀ sí i. Bí ẹ bá fi ṣíbí fa ìlà nísàlẹ̀ ìkòkò, ìlà náà kò ní pa dé kíákíá. Bí ẹ kò bá rí èyí, ẹ má kúrò nídìí rẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ń fi kán-ún pa ìkan tòmátì. N kò fọwọ́ sí i. Ó ń pa ìkan lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń pa adùn pẹ̀lú, ọkà náà á sì wá máa ṣe ní ẹnu bí ọṣẹ. Tòmátì inú agolo, ṣíbí kan tàbí méjì, kò burú nígbà tí tòmátì tútù bá wọ́n, bí ẹ bá sáà jẹ́ kí òun náà dín dáadáa.

Rírò

Ẹ da ife omi adìyẹ mẹ́ta sórí ata, ẹ jẹ́ kó hó. Ife kẹrin, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ má dà á sí i.

Ẹ bu ife ìyẹ̀fun kan sínú abọ́, ẹ fi ife omi tútù kan pò ó títí yóò fi dán. Omi tútù ni mo wí. Ìyẹ̀fun àgbàdo kì í dúró de híhó kó tó máa ki: láti bíi 65 °C ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá da ìyẹ̀fun gbígbẹ gìdìgbà sínú omi gbígbóná, ara òkìtì náà á ki lójú ẹsẹ̀, á sé mọ́ inú rẹ̀, omi kò sì ní lè wọlé mọ́. Ohun tí à ń pè ní kókó nìyẹn. Bí ẹ bá la ọ̀kan, ìyẹ̀fun gbígbẹ lẹ máa bá nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń da omi sí i kó lè tú, ọkà yín á rọ̀, kókó á sì wà níbẹ̀.

Ẹ máa fi ọwọ́ kan da èyí tí ẹ pò náà sínú ìkòkò, kí ọwọ́ kejì máa rò ó. Á ki bí ẹ̀kọ mímu. Ẹ jẹ́ kó sè fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ máa rò ó lóòrèkóòrè. Àwọn tó fo ìṣẹ́jú mẹ́wàá yìí ni ọkà wọn ń rùn bí ìyẹ̀fun tútù.

Ẹ wá dín iná kù. Ẹ wọ́n ìyẹ̀fun tó kù sí i, ẹ̀kúnwọ́ kan lẹ́ẹ̀kan, èkejì kò gbọdọ̀ wọlé àfi bí àkọ́kọ́ bá ti pòórá. Ọmọrogùn onígi tó lágbára ni kí ẹ lò, ṣíbí máa tẹ̀. Ẹ jókòó lórí àpótí, kí ẹnìkan fi aṣọ di etí ìkòkò mú fún yín. Ẹ má kàn máa yí ọkà po. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, kí ẹ fà á wá, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Bí kókó bá yọjú, ẹ gbé e kúrò lórí iná, ẹ tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fọ́ kí ẹ tó fi ìyẹ̀fun mìíràn sí i.

Bí ìyẹ̀fun bá tán, ẹ bu nínú ife kẹrin yẹn sí i díẹ̀díẹ̀, bí ó bá ti le tó. Kò pọn dandan kó tán. Ẹ dé e lórí iná kékeré fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, ẹ ṣí i, ẹ tún un rò. Ó ti jiná bó bá ń ṣí kúrò lára ìkòkò, tí kò sì lẹ̀ mọ́ ìka tí ẹ fi omi tọ́.

Ẹ fi omi pa inú abọ́, ẹ bù ú sí i, ẹ mì í kó rí roboto, ẹ dà á sórí àwo. Ẹ to adìyẹ sí i, ẹ rẹ́ àlùbọ́sà àti tòmátì tútù lé e, ẹ lọ ata díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èyí tó bá kù di ọjọ́ kejì, ẹ má fi omi tún un rò. Ẹ gé e pẹlẹbẹ, kí ẹ dín in nínú òróró díẹ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi le.