Bí fọ́tò Ojúde Ọba mi ṣe dé inú ẹgbẹ́ WhatsApp láì di bàìbàì

Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba máa ń wáyé ní Ìjẹ̀bú-Òde. Mo ya fọ́tò àwọn ẹlẹ́ṣin ìdílé Balógun, mo fi ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́ WhatsApp àwa ọmọ ìlú. Lórí fóònù mi, ẹ lè ka ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ẹṣin níkọ̀ọ̀kan. Nínú ẹgbẹ́, bàìbàì ni. Ẹ̀gbọ́n wa kan tó wà ní Jámánì bi mí pé: "Àbúrò, ṣé ẹṣin nìyí àbí ewúrẹ́?" Ojú tì mí díẹ̀.

Mo nu ojú kámẹ́rà, asán. Mo pààrọ̀ síìmù, dátà lásán ni mo jó. Mo tẹ HD, bọ́tìnì tó ń jẹ́ kí fọ́tò túbọ̀ mọ́, kí n tó fi ránṣẹ́; ìyẹn sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ ò tíì hàn.

Àṣé WhatsApp ló máa ń fún fọ́tò pọ̀ kó lè fúyẹ́. Ohun tó wá ṣiṣẹ́ nìyí: níbi tí a ti ń so nǹkan mọ́ ọ̀rọ̀, Document ni mo yàn dípò Gallery, mo wá fọ́tò náà láàárín àwọn fáìlì, mo sì fi ránṣẹ́. Bó ṣe wà lọ́wọ́ mi ló ṣe débẹ̀.

Android ni tèmi o; ojú ti iPhone lè yàtọ̀ díẹ̀. Ọ̀nà yìí ń jẹ dátà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò bá sì dára, ẹ ó dúró pẹ́.

Ẹ̀gbọ́n ti rí ẹṣin. Ó ní kí n fi ti rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ àwọn, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, náà ránṣẹ́.