Bẹ́ ẹ ṣe lè ya fọ́tò àwòdì tó ń sàba láì lé e kúrò lórí ìtẹ́

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kẹ́ ẹ jáde, torí lọ́dọ̀ wa níbí ìgbà yẹn làwòdì ń kọ́ ìtẹ́, tójò bá ti wá ń rọ̀ dáadáa ọ̀pọ̀ nínú wọn á ti gba òkè Ọya lọ. Ẹ má wulẹ̀ máa wo orí igi kiri. Ẹyẹ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ máa fojú bá lọ, èyí tẹ́ ẹ bá rí tó gbé igi wẹ́wẹ́ tàbí àkísà dání, ilé ló ń kọ́ yẹn o. Àwòdì fẹ́ràn àkísà gan-an, ẹ máa rí i tó ń fì létí ìtẹ́ lókè àràbà, ìgbẹ́ funfun á sì ti ta sára ewé nísàlẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti rí i, ẹ sún sẹ́yìn. Wọ́n ní àwòdì òkè ò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun, àmọ́ èyí tó ń sàba mọ̀ dáadáa. Tó bá ṣì ń fẹnu tún ìyẹ́ ara ẹ̀ ṣe, ibi tẹ́ ẹ wà dáa. Tó bá na ọrùn, tó tẹjú mọ́ yín, ẹ rọra padà. Tó bá wá fò dìde tó ń ké yípo lórí yín, ẹ kó ẹrù yín kúrò níbẹ̀, ẹ má ní ẹ kàn fẹ́ ya ẹyọ kan sí i, torí oòrùn á máa pa ọmọ tí ò tíì hu ìyẹ́, kannakánná náà sì wà nítòsí tó ń wá ẹyin jẹ, fọ́tò wo ló tó ìyẹn? Inú mi kì í dùn rárá tí mo bá rí fọ́tò tí wọ́n torí ẹ̀ gun igi.

Fóònù ò lè ṣe é. Ẹ wá lẹ́ǹsì 400mm tó ń fa ohun tó jìnnà mọ́ra, ẹ gbé e lé tripod, ìyẹn igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé, ẹ lọ láàárọ̀ kẹ́ ẹ kẹ̀yìn sóòrùn. Tó bá jókòó, shutter speed (bí kámẹ́rà ṣe ń yára ya fọ́tò sí) 1/500 ìṣẹ́jú àáyá tó, tó bá ń fò ẹ gbé e dé 1/1600. Ojú ọ̀run tí ọyẹ́ ti sọ di funfun máa ń tan kámẹ́rà jẹ, ẹyẹ á kàn dúdú bí èédú, ẹ fi +1 sí exposure, ìyẹn ibi tẹ́ ẹ ti ń sọ bí fọ́tò ṣe máa mọ́lẹ̀ tó, kí ẹnu yẹ́lò ẹ̀ lè hàn. Kò sí flash, kò sí drone, ẹ má sì gé ẹ̀ka tó bo ìtẹ́, ibòji ọmọ nìyẹn.

Abo ló sábà máa ń sàba, bí oṣù kan, akọ ló ń gbóúnjẹ wá. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ tí abo ṣàdédé ń ké, tí kì í ṣe ẹ̀yin ló ń wò, ẹ yáa gbọ́wọ́ lé bọ́tìnì, akọ ń bọ̀ nìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá máa gbé fọ́tò síta, ẹ pa location tó ń sọ ibi tẹ́ ẹ ti yà á, ẹ má dárúkọ àdúgbò, torí àwọn tó ń pa ẹyẹ tà fún lékulẹ́ja náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.